Pákó Tí Yóò Gbé Gàfárù

Àlàmísì, 6 February 1992

Ọyẹ́ ò tíì lọ. Ètè mi ti là, òrí tí mo rà l'Ọ́jà'ba kò ràn án. Gaàrì tún ti gbówó lórí, mi ò tilẹ̀ bá wọn ná an mọ́.

Gàfárù wọlé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín kan tí mo mọ̀. Bó bá ti ń rẹ́rìn-ín báyẹn, ohun tí mi ò ní fẹ́ ló fẹ́ sọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kanlẹ̀, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó ní Mísítà Joseph, ọ̀gá òun, ará Lẹ́bánónì tí wọ́n bí sí Ìbàdàn níbí, ń padà sílé wọn lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, wọ́n sì ti ta ọkọ̀ ojú omi wọn tó wà ní adágún ọ̀nà Ifẹ̀. Ẹni tó rà á fẹ́ kí Gàfárù máa bá òun tọ́jú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ, àmọ́ ó fẹ́ kó tún máa kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀ tó ń wá ṣeré lópin ọ̀sẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dúró lórí pákó lójú omi. Bí kò bá tíì mọ̀ ọ́n nígbà tí ọ̀gá bá fi máa lọ, wọ́n á mú ẹlòmíì wá láti Èkó.

"Dúró lórí kí ni?"

"Pákó, Màámi. Ọkọ̀ á máa sáré lọ, á gbé ìgbì dìde lẹ́yìn. Èèyàn á dúró lórí pákó, ìgbì yẹn á máa tì í lọ."

"Kí ló dé tí kò jókòó sínú ọkọ̀?"

Àkíbù, àbíkẹ́yìn mi, bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ó ní pákó mẹ́ta ni Mísítà Joseph ní, wọ́n fẹ́ fi ọ̀kan ta òun lọ́rẹ. "Ọ̀kan ṣoṣo ni, òun sì ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa fi kọ́ṣẹ́. Àdùkẹ́ á máa kọ́ àwọn obìnrin, Àkíbù á máa kọ́ àwọn ọmọdé."

Èèyàn mẹ́ta, ara mẹ́ta. Gàfárù sanra bíi bàbá rẹ̀, Àdùkẹ́ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀, Àkíbù wà láàárín. Bí wọ́n bá ní kí n rán bùbá kan ṣoṣo fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò ní mọ ibi tí mo ti máa fi sísọ́ọ̀sì sí aṣọ.

Mo ní rárá. Mo wọ yàrá, mo tilẹ̀kùn.

Jímọ̀, 7 February

"Ẹ káàárọ̀" nìkan ni wọ́n bá mi sọ lónìí. Àdùkẹ́, tó ti gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ láti èṣín tí ìjọba ò tíì pè é síṣẹ́, gbá ilẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kò wojú mi.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Mo mọ̀ pé bí èyí bá bọ́ lọ́wọ́ Gàfárù, kò sí òmíì nílẹ̀. Ṣùgbọ́n omi! Ọdún kejìlá rèé tí odò Ògùnpa kún tó gbé bàbá wọn lọ, títí dòní bí mọ́tò bá fẹ́ gba orí afárá kọjá, ojú mi ni mo máa ń dì. Wọn ò wá rí ibòmíì tí wọ́n ti máa jẹun, àfi orí omi?

Sunday, 9 February

Gàfárù kó pákó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá sílé! Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù ló kó wọn sí, ó so wọ́n mọ́lẹ̀ bí ẹni so àgbò iléyá. Gbogbo agboolé jáde. Ọ̀kan funfun, ó gùn tó ilẹ̀kùn, kò dán, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ níbi méjì. Ọ̀kan yẹ́lò, ó kéré sí ìyẹn. Ẹ̀kẹta pupa, ó kúrú, ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ó ń dán bíi bàtà ọdún. Ohun kan wà lábẹ́ wọn bíi lẹbẹ ẹja.

Àtọ́kẹ́, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, fi ìka tẹ funfun yẹn. "Ìyáálé mi, ẹ wò ó, ó jọ pátákó tí wọ́n fi ń wẹ òkú."

"Ìyàwó, ẹ bomi sẹ́nu o!" Àkíbù ló ké mọ́ ọn.

"Kí ni mo ṣe? Mo kàn ní ó jọ ọ́ ni. Bó bá jẹ́ pósí ni mo pè é ń kọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ti ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìró.

Gàfárù wá kọjú sí mi lójú gbogbo wọn. "Màámi, ẹ bá wa mú ọ̀kan."

Ó mọ ohun tó ń ṣe. Láti ìgbà tí Fàsásì ọkọ mi ti kú, kò sí ohun tuntun tó ń wọlé wa bí ọwọ́ mi ò bá kọ́kọ́ mú un. Maṣíìnì ìránṣọ tí mo yàn ṣì ń ṣiṣẹ́. Alùpùpù tí Gàfárù dá lọ rà, kò pé oṣù kan tó fi gbé e ṣubú ní Bẹẹrẹ. Orí bẹ́ẹ̀dì tó ti ń jẹ̀rora ló ti búra pé ohun tí ọwọ́ Màámi ò bá mú, òun ò ní lò ó láéláé.

Mo ní mo máa gbàdúrà sí i ná. Ìyẹn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì í ṣe rárá. Àdùkẹ́ ṣàdúrà fún mi pé kí Ọlọ́run fún mi lẹ́mìí gígùn, ojú rẹ̀ sì ń dán. Ọmọ náà fẹ́ jáde nílé yìí o.

Sátidé, 15 February

Mísítà Joseph ní kí wọ́n lọ wọn bí wọ́n ṣe wúwo tó. A lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọn kòkó n'Ísàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Mo tẹ̀ lé wọn. Bóyá mo rò pé bí mo bá wà níbẹ̀, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀.

Àdùkẹ́ kọ́kọ́ gun òṣùwọ̀n. Ọkùnrin tó ń wọn kòkó ní, "Ẹ̀yin èèyàn, àpò yìí ò kún o." Àkíbù tẹ̀ lé e. Nígbà tí Gàfárù gùn ún, irin náà dún gbì.

"Háà! Èyí ti gbẹ dáadáa. Ẹ má gbé e lọ síbòmíì, a ó rà á."

Àdùkẹ́ di ògiri mú, ẹ̀rín fẹ́ pa á. "Bọ̀dá mi, ẹ kúkú dúró síbẹ̀, tírélà ń bọ̀ wá gbé yín lọ sí Àpápá."

Kílò méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Ó tó Àdùkẹ́ lọ́nà méjì. Bó ṣe sọ̀kalẹ̀ tó ń tún okùn ṣòkòtò rẹ̀ so, ẹ̀yìn Fàsásì gan-an ni mo rí, ọrùn rẹ̀, àti bó ṣe ń fa èjìká sókè. Mo yíjú sí ògiri. Wọ́n rò pé èmi náà ń rẹ́rìn-ín.

Àlàárùbá, 19 February

Iná ò sí. Mo lálàá pé omi ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, mo ń fi yunifọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n gbé fún mi rán dí i.

Sunday, 23 February

Mo ti mú un.

Wọ́n to àwọn pákó náà ti ògiri. Gàfárù ní òun ò ní sọ ohun tí ọ̀gá òun sọ nípa wọn, kí òun má baà ti ọwọ́ mi. Kò ní láti sọ ọ́. Mo mọ ohun tí pákó kékeré máa ń ṣe fún ẹni tó wúwo. Mo mọ̀ ọ́n ju Mísítà Joseph lọ.

Mo mú pupa.

Mo rò ó dáadáa kí n tó mú un, kí n má parọ́ sínú ìwé tèmi. Mo ní kò ní gbé Gàfárù. Á gbé e débi tí omi ò ju orúnkún lọ, pákó á rì, ojú á tì í, á dá a padà, ọ̀rọ̀ á parí. Mo fẹ́ kí omi kọ̀ wọ́n kí n má baà jẹ́ ẹni tó kọ̀ fún wọn.

Àkíbù fò sókè, dídán rẹ̀ ló wù ú. Gàfárù wò ó, ó wò mí.

"Ṣé ó dá yín lójú, Màámi?"

"Ọwọ́ mi ti mú un."

"Ó parí nìyẹn."

Mo gbé ọwọ́ lé e, mo ṣàdúrà. Àmín wọn dún dé ìta. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí mo tọrọ.

Àtàláátà, 25 February

Mo rán apá òsì mọ́ ìhà ọ̀tún, mo tú u, mo tún rán an bẹ́ẹ̀.

Àlàmísì, 5 March

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ṣúgà ti di ohun tí wọ́n ń fi ìka bù. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́sàn-án, omi pọ́n wàì ń sáré bọ̀ nínú gọ́tà láti orí òkè Mápó. Mo gbé àga kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Gàfárù ní bí ààwẹ̀ ṣe wọlé yìí, ẹ́ńjìnnì nìkan lòun ń bá ṣiṣẹ́. Mo dúpẹ́, mo fi ọkàn balẹ̀ rán yunifọ́ọ̀mù mẹ́fà.

Àlàmísì, 12 March

Àáfà wa pè mí bí mo ṣe ń bọ̀ láti ibi tí mo ti lọ ra òwú.

"Ìyá Gàfárù, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín kó má dààmú mọ́. Omi tí èèyàn ò mọ̀ọ́mọ̀ mu ò ba ààwẹ̀ jẹ́."

"Omi wo, Àáfà?"

"Omi odò tó mu ni. Ó ní ó pọ̀. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá òun máa san ọjọ́ kan padà."

Mi ò rántí ohun tí mo fi dá wọn lóhùn. Mo jókòó sórí pèpéle onípèpéle títí obìnrin kan fi bi mí bóyá ààwẹ̀ ló mú mi.

Jímọ̀, 13 March

Mi ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan oúnjẹ ìṣínu títí wọ́n fi sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti lọ?"

"Díẹ̀ ni, Màámi," Gàfárù ní.

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin," Àkíbù ní. Gàfárù fojú pa á.

Àdùkẹ́ ló rò ó délẹ̀. Òun ti ń dúró lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Àkíbù náà ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n bí Gàfárù bá ti gbé ẹsẹ̀ lé e, pákó á dorí kodò, á wọnú omi lọ. Lọ́jọ́ tó mu omi yẹn, kò fi okùn tí wọ́n ń dì mú lẹ́yìn ọkọ̀ sílẹ̀, ọkọ̀ ń fà á lọ lábẹ́ omi. Jákẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó gbé e léfòó kò pàdé láyà rẹ̀, ó ti yọ kọjá orí rẹ̀. Mísítà Joseph pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n bẹ́ sómi. Ojúgun rẹ̀ ti bó láti ìsàlẹ̀ dé orúnkún. Ọjọ́ mẹ́ta ló ti ń wọ ṣòkòtò gígùn nínú ooru yìí, mi ò fura!

"Kí ló dé tó ò gbé e padà, Gàfárù?"

Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni ọ̀rọ̀ ò yé. "Ọwọ́ yín ló mú un, Màámi. Kò lè jẹ́ pé pákó ló burú. Èmi ni mi ò tíì mọ̀ ọ́n gùn. Máa mọ̀ ọ́n."

"O ò gbọdọ̀ padà síbẹ̀."

"Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó ló kù tí ọ̀gá máa lọ? Màámi, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó lọ."

Omi nìkan ni mo fi ṣínu.

Sunday, 15 March

Mi ò kọ èyí síbì kankan rí.

Ilé tí a háyà nísàlẹ̀ Òkè Bọ́lá lọ́dún tí Ògùnpa kún, odò wà lẹ́yìnkùlé. Gàfárù wà níbí ní Bẹ́yẹrúnkà lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí omi dé àyà mi, Fàsásì fi èjìká já ilẹ̀kùn iyàrá, ó gbé Àdùkẹ́ àti Àkíbù lé e, ó tì mí gùn ún. Òun náà di etí rẹ̀ mú. Bó bá ti di etí ibẹ̀ mú, ilẹ̀kùn á rì, omi á gba orí Àkíbù kọjá. Ó dì í mú, a rì. Ó tú ọwọ́ kan, a léfòó. Ó ní, "Kúlúsúmù, di àwọn ọmọ mú." Mo bojú wo Àkíbù. Nígbà tí mo fi máa bojú wẹ̀yìn, kò sí ọwọ́ kankan létí ilẹ̀kùn mọ́.

Mi ò mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ ni. Mo ti fi gbogbo ọdún wọ̀nyí sọ fún ara mi pé ó yọ̀.

Èmi tí mo mọ èyí, èmi ni mo nawọ́ mú pákó tí kò lè gbé ẹni tó wúwo, mo gbé e fún ọmọ rẹ̀ tó wúwo bíi tirẹ̀, mo ṣàdúrà sí i.

Mo pe Gàfárù wọ yàrá. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti ilẹ̀kùn àti ti pupa. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọdé.

"Ẹ mọ̀ pé kò ní gbé mi."

"Mo mọ̀. Mo rò pé etídò lo máa ti padà."

"Èmi?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ojú rẹ̀ tutù. "Màámi, ẹ̀yin náà lẹ bí mi. Ìgbà wo ni mo ti ń ti etídò padà?"

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ ò sọ fún wa rí pé Bàámi tú ọwọ́."

Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ ọ̀tún yìí gan-an, kò fi í sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ó ní wọ́n ti ta yẹ́lò. Funfun ló kù, ẹni tó fẹ́ rà á máa wá láti Èkó ní Sátidé.

Àlàárùbá, 18 March

Òjò. Mi ò lè jẹ sààrì. Bí mo bá lọ sódò yẹn, ẹ̀rù á pa mí. Bí mi ò bá lọ, Gàfárù ò ní dá pupa padà fúnra rẹ̀, ó ní ọwọ́ tó mú un ló gbọ́dọ̀ dá a padà.

Sátidé, 21 March

Mo lọ.

Àdùkẹ́ jókòó tì mí nínú mọ́tò. Bí a bá ti ń sún mọ́ afárá, á ní, "Màámi, ó yá," n ó dijú. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, mo kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ mi, mo wo iyanrìn, kí n tó gbójú sókè. Omi náà ò pariwo. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ògùnpa pariwo.

Ará Èkó yẹn ti ń so funfun mọ́ orí mọ́tò rẹ̀. Olúdayọ̀ lorúkọ rẹ̀, ọmọkùnrin gbígbẹ kan tó wọ dígí dúdú. Mo sáré, èmi tí mo ń gbààwẹ̀.

"Ẹ dúró! Ẹ má tíì gbé e lọ!"

Mísítà Joseph jáde láti inú ọkọ̀, wọ́n ń nu ọwọ́ nù. Bí ọmọ bíbí Ìdíkàn n'Ìbàdàn ni wọ́n ṣe ń sọ Yorùbá. "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ rọra. Kí ló dé?"

Mo ní, "Èyí tó gùn ni mo fẹ́ mú."

"Ohun tí mo sọ fún Gàfárù láti ọjọ́ kìíní nìyẹn! Mo ní ilé tí ara wọn ò dọ́gba, ẹni tó wúwo jù ni kí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Pákó tó bá gbé ìyẹn, á gbé àwọn yòókù. Èyí tó kúrú, ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ ló ni ín. Ó ní ọwọ́ ìyá òun ti mú un, òun ò lè ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí ni kí n wí?"

"Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ṣẹ̀." Mo ní, "Mísítà Joseph, yunifọ́ọ̀mù ni mò ń rán. Kò sí ìyá tó ń mú ọmọ wá tí kì í sọ pé àwọ̀dàgbà ni kí n rán, èyí tó tóbi ju ara ọmọ lọ. Ẹ fún mi ní àwọ̀dàgbà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Olúdayọ̀ ti yọ dígí ojú rẹ̀, pupa ló ń wò. "Ṣé wọ́n máa yọ̀ǹda èyí ni? Èyí gan-an ni mò ń wá!" Mo bi Mísítà Joseph bóyá kò ní ṣe é léṣe. Wọ́n ní láti kékeré lọmọ yẹn ti ń gùn ún l'Ékòó, pé kí n fọkàn balẹ̀. Mo ṣì ṣàdúrà sí i fún un. Tòótọ́, lọ́tẹ̀ yìí.

Mo wá nawọ́ sí funfun, mo bèèrè ohun tó gbé mi wá. "Ṣé ó lè gbé èèyàn mẹ́rin?"

"Rárá o, Màmá. Ẹnì kan ló ń dúró lórí ẹ̀."

"Mi ò ní kí wọ́n dúró. Bí wọ́n bá kàn di etí rẹ̀ mú. Bí wọ́n bá wà nínú omi, tí wọn ò fẹ́ kú."

Mísítà Joseph ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n wo Gàfárù, wọ́n wo pákó, wọ́n wò mí. Ìbàdàn làwọn náà wà lọ́dún tí Ògùnpa kún. "Á gbé wọn, Màmá. Kò sẹ́ni tó máa tú ọwọ́."

Wọ́n fún Gàfárù ní jákẹ́ẹ̀tì tiwọn, ó pàdé láyà rẹ̀. Ọkọ̀ dún. Mo dijú, mo ń ka ohun tí mo mọ̀ nínú Kùránì. Mo gbọ́ igbe Àkíbù.

"Màámi, ẹ lajú! Ẹ lajú, ó ti dìde!"

Mo la ọ̀kan. Gàfárù dúró lójú omi, ó tẹ orúnkún, ìdí rẹ̀ yọ sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ jókòó sórí àpótí. Pákó ò rì. Ó kọjá níwájú mi, ó ń lọgun bí ọmọ ọdún mẹ́fà, kó tó ṣubú yakata. Mo tún dijú. Nígbà tí mo là á, orí rẹ̀ ti yọ, apá rẹ̀ méjèèjì wà lórí pákó, ó ń rẹ́rìn-ín.

Inú mi ò dùn. Kí n má parọ́. Ẹ̀rù ń bà mí síbẹ̀ títí a fi délé. Ṣùgbọ́n mo rí i tó yọrí.

Sátidé, 4 April

Ọdún ààwẹ̀. Wọ́n ti gba Gàfárù síṣẹ́ náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Àdùkẹ́ ti ń pe ara rẹ̀ ní tíṣà. Àtọ́kẹ́ gbé ẹran wá, ó rí funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

"Ìyáálé mi! Ẹ tún wá ń bá a sùn?"

Mo ti sọ májẹ̀mú tèmi fún wọn lánàá kí n tó gbọ́wọ́ lé e. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ máa gbé e lọ sódò bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n lásìkò òjò, bí ẹ bá ti ṣíwọ́ lójoojúmọ́, ẹ gbé e wálé. Kò gbọdọ̀ sùn síta.

"Màámi," Àkíbù ní, "orí òkè la wà. Omi wo ló máa gun òkè dé Bẹ́yẹrúnkà?"

"Ìwọ ṣáà gbé e wálé."

Ó fẹ́ tún sọ̀rọ̀, Gàfárù gbá a lórí. "Wọ́n ní kó o gbé e wálé."

Òjò ti ṣú báyìí lókè Mápó. Mo ti fi téèpù wọn ilẹ̀kùn iyàrá mi, mo wọn pákó. Pákó ló gùn jù. Gàfárù sùn sí pálọ̀, ó ń hanrun bíi bàbá rẹ̀. Mo ti sún bẹ́ẹ̀dì sẹ́yìn díẹ̀, kí ó má baà dí ọ̀nà bí a bá fẹ́ gbé pákó jáde kíákíá.